Ọmọ Tí A Kò Gbé Lọ sí Ìbàdàn

Òórùn gáàsì tí a fi ń kun àwọn ọmọdé lóorun dùn. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa kì í gbà á gbọ́, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn ni òórùn oògùn apakòkòrò àti ti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n gáàsì yẹn máa ń ta sánsán bíi máńgòrò tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, èyí tó já bọ́ sílẹ̀ tí oòrùn sì ti pa. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn fèrèsé tíátà wa ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Bó bá di àsìkò èso rẹ̀, èmi gan-an kì í mọ èyí tó ń wọ imú mi nínú méjèèjì. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lọ́jà tí mo gbóòórùn máńgòrò, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ máa wá ìbòmú ọmọdé kí n tó rántí pé èròjà ọbẹ̀ ni mo wá rà.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà náà sì ni ìyá mi. Ẹ̀kọ́ dókítà ló gbé mi dé Ìlọrin, ìlú náà sì dá mi dúró. Àdúgbò Adéwọlé ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nínú iṣẹ́ dókítà, ti akunilóorun ni mo yàn. O mọ̀ pé àwọn èèyàn kì í mọ̀ wá. Dókítà tó la ikùn ni wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í rántí ẹni tó mú kí aláìsàn sùn, tó ń bá a mí ní gbogbo ìgbà tó fi sùn, tó sì jí i padà. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tuntun. Ọmọ tuntun kì í ṣe àgbàlagbà tó kéré. Ọ̀nà èémí rẹ̀ kò fẹ̀ tó ọ̀pá bírò, ara rẹ̀ máa ń tètè tutù, bó bá sì dákẹ́ mímí, kò ní fún ọ láyè láti ronú. Wọ́n kọ́ wa níwọ̀n tí wọ́n lè kọ́ wa nílé ìwé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn kò tó fún ọmọ tí wọ́n bí lánàá.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun tó nílò iṣẹ́ abẹ wá bá wa, a óò ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. A máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò. Àwọn mìíràn débẹ̀, wọ́n sì rí ìtọ́jú gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí mi ò lè gbàgbé, ọmọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ ti wú. Nọ́ọ̀sì wa kan ló tẹ̀lé ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà padà dé, oòrùn ò tíì wọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní, "A ò dé Ògbómọ̀ṣọ́." Ògbómọ̀ṣọ́ kò tó ìdajì ọ̀nà Ìbàdàn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kàwé, dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Ọmọ Ìlọrin ni, ààfáà sì ni bàbá rẹ̀, ìyẹn ni gbogbo wa ṣe ń pe òun náà ní Ààfáà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ ló ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe tẹ̀sùbáà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Lọ́jọ́ náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo nọ́ọ̀sì yẹn bó ṣe ń nu ojú rẹ̀. Ó wá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọ̀nà Ìbàdàn tí à ń júwe yìí, ó ti sú mi." Mo ní ó ti sú èmi náà. A kò tíì mọ ohun tí a máa ṣe sí i.

Láàárín ìgbà yẹn làwọn dókítà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti òkè òkun. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àkókò ìsinmi wọn ni wọ́n fi ń wá. Ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ kan wà lára wọn, òyìnbó gíga kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Akunilóorun tí wọ́n sì jọ ń wá jẹ́ ọmọ Yorùbá, obìnrin tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ kun àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lóorun ní ìlú òyìnbó. Irun rẹ̀ ti funfun, kò ga, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ti àwọn ẹlòmíì bá ń lọ sókè. Màmá la ń pè é. Bí wọ́n bá ti dé, ìròyìn á tàn ká, àwọn òbí á gbọ́mọ wá láti ibi gbogbo, wọ́n á sì ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwa á dúró lẹ́yìn wọn, à ń wò, à ń na nǹkan sí wọn. Ó máa ń dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ òfuurufú wọn bá ti gbéra, tí wọ́n sì gbé ọmọ tuntun mìíràn dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀nà Ìbàdàn náà la tún máa ń júwe.

Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n wá, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n padà, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Fate, níbi tí Màmá dé sí. Mo bá a níwájú ilé tó ń ká aṣọ lórí okùn. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti Adéwọlé, síbẹ̀ nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ta ni mí tí màá fi sọ fún àgbà tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá ràn wá lọ́wọ́ pé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò tó? Àmọ́ mo rántí ọmọ tí kò dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ bá ń lọ, ìmọ̀ náà ń bá yín lọ ni. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ fún wa."

Ó da aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí èjìká. "Báwo ni o ṣe fẹ́ kí n ṣe é?"

"Bí ẹ bá tún dé, ẹ má fọwọ́ kan ọmọ kankan. Èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Kí ẹ kàn dúró tì mí."

Ó yọ aṣọ mìíràn lórí okùn. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó máa nira fún ọ, ó sì máa nira fún èmi gan-an jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà yẹn, iṣẹ́ wà tí o ní láti ṣe. Ṣé wàá ṣe é?" Mo ní màá ṣe é. Ó ní kí n bá òun ká aṣọ tó kù.

Bí ọdún kan tó ṣòro jù nínú ayé mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Màmá fi bèbí oníke kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí wọ́n ṣe ọ̀nà èémí sí lọ́fun bíi ti ọmọ tuntun. Lójoojúmọ́ kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, màá gbé e sórí tábìlì, màá fi irin tó níná lórí gbé ahọ́n rẹ̀ sókè, màá sì ti rọ́bà wọ ọ̀nà èémí náà. Bí mo bá ti ṣe é tán, màá yọ ọ́, màá tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, Màmá á pè mí lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara wa, á ní kí n ṣe é lójú òun. Á tún máa bi mí ní ìbéèrè: "Rọ́bà ti wọlé, ṣùgbọ́n àyà kò gbéra. Kí lo máa ṣe?" Bí mo bá dáhùn, á ní, "Kí nìdí?" Kì í yìn mí. Bí ó bá dákẹ́, mo mọ̀ pé mo gbà á.

Ààfáà náà kò jókòó. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó tó ń bá Màmá wá, ti sọ fún un pé ìfun ọmọ tuntun kò ju ìfun adìẹ lọ, kí ó lọ máa rán ìfun adìẹ. Bí àwọn obìnrin tó ń pa adìẹ ní Ọjà Tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá a tọ́jú ìfun pa mọ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn bi í níjọ́ kan pé, "Dókítà, ajá mélòó lẹ ń sìn?" Ó ní òun ò sin ajá. Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀, ó sì gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà ọlà fún un kó lè máa jẹ ẹran gidi. Ààfáà ṣe àmín, ó gba ìfun rẹ̀, ó sì lọ rán an. Ìyàwó rẹ̀ lé e jáde ní kíṣìnnì. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń rán an.

Nígbà tí àsìkò pé, Màmá nìkan ló dé. Àìsàn ìyàwó ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ kò jẹ́ kí òun lè wá. Mo rí i lójú Ààfáà bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bà á lẹ́rù. Èmi ní ẹni tó máa dúró tì mí, òun kò ní. Ọ̀gá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fún un ní ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n fóònù ò lè gbá èèyàn lọ́wọ́ mú. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, àwọn tí ìpákè wọn yọ, àti ọmọ kan tí kókó wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ń kùn wọ́n lóorun, Màmá ń dúró lẹ́yìn mi, kò fọwọ́ kan nǹkan kan gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ ṣàdéhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbé ọmọbìnrin náà wá. Wọn kò tíì sọ ọ́ lórúkọ, nítorí kò tíì pé ọjọ́ kẹjọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni kò ti yàgbẹ́, gbogbo ọmú tó bá mu ló ń bì, èébì náà sì ti di aláwọ̀ ewé. Ikùn rẹ̀ le, ó ń dán. Bàbá rẹ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Ọjà Tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò lè dúró lójú kan. Ìyá ọmọ jókòó, ó fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, kò sọ̀rọ̀. Ìyá bàbá ọmọ, Ìyá Àgbà, ló gbé e lọ́wọ́, òun náà ló ń dá wa lóhùn. Nígbà tí a ya àwòrán ikùn ọmọ náà, ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Níbì kan nínú ìfun rẹ̀, láti inú oyún, ọ̀nà kò là. Bí a kò bá gé ibi tó dí náà kúrò kí a sì so ìfun pọ̀, kò ní yè.

Ààfáà wo àwòrán náà. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá tẹ̀lé wa. Ó ní, "Ìbàdàn ni. Mi ò tíì dá èyí ṣe rí. Ká ní ọ̀gá wà níbí, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀."

Bàbá ọmọ ti gbọ́ orúkọ Ìbàdàn. Ó ti fa fóònù yọ, ó ń bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀. Mo yíjú sí Màmá, ìwọ náà lè mọ ohun tí mò ń retí. Kí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n lè sinmi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ìlú yìí. Èmi á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí, màá dúró tì yín."

Inú bí mi sí i díẹ̀. Mo padà wo ọmọ náà. Ó ti ń mí kíákíá, agbára tó kù nínú rẹ̀ ló ń ná. Mo ro ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo kòtò rẹ̀, àwọn ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dúró, oòrùn ọ̀sán. Mo wá sọ fún Ààfáà pé, "Kò lè fara da ọ̀nà yẹn. O mọ̀ pé kò lè fara dà á. Ìfun tí ò ń rán láti ọdún tó kọjá, ta lò ń rán an dè?"

Ó lọ dojú kọ ògiri. Ìgbà tó yíjú padà, ó ní, "Tí ìwọ bá lè mú kó sùn kó sì máa mí, màá gbìyànjú ìyókù." Mo ní mo lè ṣe é. Ohùn mi gbọ̀n nígbà tí mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ìyá Àgbà ló kù. Obìnrin náà ti gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí à ń sọ. Ó bi mí pé, "Ìwọ dókítà yìí, ẹ ti ṣe irú èyí níbí rí?"

Mo kúnlẹ̀ tì í kí ojú wa lè ṣe déédéé. "A ò tíì ṣe é rí, Ìyá. A ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ ó ti pẹ́. Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé ó máa yè. Ohun tó dá mi lójú ni pé tí ẹ bá gbé e sọ́nà, kò ní débẹ̀."

Ó wo ojú mi, ó wo ojú Ààfáà. Ó bi í pé ọmọ ta ni, láti agboolé wo. Ààfáà sọ fún un. Ó mi orí, ó ní òun mọ bàbá rẹ̀, ààfáà tó ń sọ òtítọ́ bí kò bá tilẹ̀ dùn létí ni. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀ pé, "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ọlọ́hun tó wà ní Ìbàdàn ló wà níbí."

A fi omi sí ọmọ náà lára títí di ọ̀sán kí ara rẹ̀ lè gbà á. A ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ dé inú ikùn, kí omi aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ lè jáde. Nínú tíátà, mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí òtútù lè pa ọmọ tuntun kí abẹ tó kàn án. A fi òwú wé orí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ooru mú gbogbo wa. Òógùn ń kán sílẹ̀ ní àgbọ̀n mi. Màmá dúró lẹ́yìn mi ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ kan wà tí a máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, tó ń dún bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ bá tó, ohùn ẹ̀rọ náà á ga. Bó bá ń dín kù, ohùn náà á máa sọ̀ kalẹ̀. Akunilóorun kì í wo ẹ̀rọ yẹn, etí ló fi ń bá a gbé. Mo kun ọmọ náà lóorun, mo gbé ahọ́n rẹ̀ sókè, mo sì wo inú ọ̀fun rẹ̀. Kò jọ ti bèbí mi. Itọ́ ti bo gbogbo rẹ̀. Mo rí nǹkan kan tó jọ ọ̀nà èémí, mo ti rọ́bà sí i, mo tẹ báàgì afẹ́fẹ́. Àyà kò gbéra. Ohùn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀ lórí àkàbà. Mo mọ̀ pé Màmá wà lẹ́yìn mi, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ dá a lójú ju tèmi lọ, gbogbo ara mi sì ń fẹ́ kó na ọwọ́ yẹn. Kò nà án. Ìbéèrè rẹ̀ orí fóònù ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì gbọ́ ìdáhùn náà ní ohùn ara mi. Mo yọ rọ́bà náà. Mo fi ìbòmú bo imú àti ẹnu ọmọ náà, mo ń tẹ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń wo àyà rẹ̀. Àyà gbéra. Ó sọ̀, ó tún gbéra. Ohùn ẹ̀rọ dúró, ó wá ń gòkè padà. Mi ò kánjú mọ́. Mo ní kí nọ́ọ̀sì ká aṣọ pélébé kan sábẹ́ èjìká ọmọ náà, mo fa itọ́ ọ̀fun rẹ̀ mọ́, mo tún gbé ahọ́n sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà náà là sílẹ̀ níwájú mi gbangba. Rọ́bà wọlé. Àyà gbéra ní ọ̀tún àti ní òsì. Mo sọ fún Ààfáà pé, "Ó ti di tìẹ."

Ó la ikùn. Ó rí ibi tó dí, ó gé e kúrò. Nígbà tó gbé ìpín ìfun méjèèjì tó kù sójú kan náà, ó dúró. Èyí tó wà lókè ibi tó dí ti fẹ̀ tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, nítorí gbogbo ohun tí ọmọ náà gbé mì ló ti kó jọ síbẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ tín-ín-rín bí okùn bàtà, nítorí nǹkan kan kò tíì gba inú rẹ̀ kọjá láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a. Ẹnu méjèèjì ò ṣe déédéé. Mo rí i tí Ààfáà gbójú sókè, tó wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ máa gba ibẹ̀ wọlé. Kò sẹ́ni tó wọlé.

Mo ní, "Ara ọmọ dá lọ́dọ̀ mi. Má kánjú. Ibi tí o bá fẹ́ lo àkókò dé, màá mú un dúró fún ọ."

Ó mí kanlẹ̀. Ó gé ẹnu tín-ín-rín náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kó lè fẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Òwú tó fi ń rán an kò nípọn tó irun orí. Bó ti ń rán an ni ètè rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé àdúrà ló ń ṣe. Nígbà tó parí, ó fi ìka tẹ inú ìfun òkè, a sì rí i tí omi kékeré kan gba ojú ibi tó rán kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ láìjò. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́ sí i kàn sọ pé, "Ó gbà á kọjá," ó sì tún un sọ.

Ọmọ náà jí ní ọwọ́ mi. Ó kọ́kọ́ jà, ó ká ojú jọ, lẹ́yìn náà ló ké, igbe kékeré tó há, igbe tó dùn létí mi. Èmi ni mo gbé e jáde lọ bá wọn. Ìyá rẹ̀, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, bi mí pé, "Ṣé òun ló ké yẹn?" Mo ní òun ni.

Lẹ́yìn tí a ti ṣètò ọmọ náà sí wọ́ọ̀dù, mo bá Màmá lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tó ti ń mu omi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dá sí i nígbà tí ohùn ẹ̀rọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi. Ojú ibi tí èékánná ti wọ̀ ọ́ lára ṣì pọ́n níbẹ̀. Ó ní, "Ibì kan wà tí mi ò ní jẹ́ kó sọ̀ dé. Ká ní ó débẹ̀, màá tì ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú ẹ ì báà bàjẹ́. Àmọ́ o ti yí padà fúnra rẹ kó tó débẹ̀. Bí mo bá ti na ọwọ́ ṣáájú ìgbà yẹn, ìgbésí ayé ẹ lo máa fi máa rò pé mo gbà ọ́ là." Ó da omi tó kù nínú ife sí ìdí igi, ó sì lọ wo ọmọ náà.

Mi ò gbọ́dọ̀ purọ́ fún ọ pé ibẹ̀ ni ìdààmú parí sí. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yẹn, èèyàn á máa dúró de ìgbẹ́. Títí ìfun fi máa ṣiṣẹ́, inú iṣan la ti ń bọ́ ọmọ, ojoojúmọ́ la sì ń bẹ̀rù pé ojú ibi tí a rán lè tú. Màmá ní láti padà sílùú òyìnbó kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó fara balẹ̀ yẹ ọmọ náà wò láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó kí Ìyá Àgbà, ó sì wọ ọkọ̀. Ààfáà dá wà pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, á lọ fọwọ́ kan ikùn ọmọ náà, á fi etí sí i, á lọ, á tún padà wá. Ó rù.

Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ nínú wọ́ọ̀dù. Ààfáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kékeré náà, ó sọ orúkọ rẹ̀ sí i létí. Wọn kò pa àgbò, wọn kò pe èèyàn. Àwọn ìyá tó wà ní ibùsùn yòókù ló ṣe àmín. Bàbá ọmọ dúró lójú kan fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé ni mo ti gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń pè mí láti wọ́ọ̀dù. Mo sáré débẹ̀, mo bá a tó gbé nápúkì ọmọ sókè bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. "Ó ti yàgbẹ́," ó ní, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Alihamdulilahi, ẹ wá wò ó." Mo wò ó. Ààfáà dé, òun náà wò ó. Àwa tí a kàwé títí ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, a dúró yí nápúkì ẹlẹ́gbin ká, à ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ààfáà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Màmá. Ó dáhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́." Ìyẹn nìkan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa yìn mí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. A ti ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ láti ìgbà náà. A pàdánù àwọn kan, mi ò jẹ́ sọ pé a kò pàdánù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì dùn wá. Màmá ṣì máa ń pè, ṣùgbọ́n ó ní ara òun kò fẹ́ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Nígbà tí mo bá ro ọ̀rọ̀ náà, ohun tó yé mi ni pé a ti mọ iṣẹ́ yẹn díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ohun tí a kò ní ni ìgboyà láti gbà pé ọmọ tó wà níwájú wa, tiwa ni, kì í ṣe ti ẹnì kan níbòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Ẹ̀kọ́ lè ti òkè òkun wá, kò burú. Ẹni tó máa sọ pé òun á dúró ti ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ilé.

Lóṣù tó kọjá, dókítà ọ̀dọ́ kan pè mí láti ilé ìwòsàn kan ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ wa, kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán. Wọ́n gbé ọmọ tuntun kan wá bá a, ikùn rẹ̀ ti wú. Mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ó bi mí pé, "Mà, ṣé àwọn tó máa ń wá láti òkè òkun wà nílẹ̀?"

Mo ní, "Wọn ò sí nílẹ̀. Àwa la wà. Ẹ máa gbé e bọ̀."

Ó dúpẹ́, ó fẹ́ pa fóònù. Mo ní kó dúró ná. "Ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e wá, má fi rán ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá dúró sí."